Ọ̀nà etí òkun láti Porto dé Santiago: ṣé orúnkún ẹni ọdún 58 lè gbà á?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Leeds, mo ti pé ọdún 58, orúnkún ọ̀tún mi sì máa ń ro mí tí mo bá gun àtẹ̀gùn púpọ̀. Màmá mi papò dà lọ́dún tó kọjá. Nígbà ayé wọn, wọ́n máa ń sọ pé àwọn fẹ́ fi ẹsẹ̀ rìn dé ibojì Jákọ́bù mímọ́ ní Santiago, ní ilẹ̀ Spéìn, ṣùgbọ́n àìsàn ò jẹ́. Mo fẹ́ lọ rìn ín ní orúkọ wọn. Wọ́n ní ọ̀nà etí òkun tó bẹ̀rẹ̀ láti Porto ní ilẹ̀ Pọ́túgà ló rọrùn jù nítorí pé kò ní òkè. Ṣé òótọ́ ni? Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ni mo lè gbà lẹ́nu iṣẹ́. Ṣé kí n rìn ín láti Porto ni, àbí kí n kàn rin 100 kìlómítà tó gbẹ̀yìn? Oṣù wo ló dára? Páṣípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ni mo ń lò.

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú àráfẹ́rakù màmá. Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.

Orúnkún yín lè gbà á. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbé kúrò lọ́kàn ni ọ̀rọ̀ pé ọ̀nà náà rọrùn torí pé kò ní òkè. Ó pẹ́ tí mo ti ń mú àwọn ọmọ ìjọ gba ibẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ló sì ti lé ní àádọ́ta ọdún. Àwọn tí ẹsẹ̀ wọn máa ń bà jẹ́ jù ni àwọn tó gbọ́ pé ilẹ̀ tẹ́jú, tí wọ́n wá fi ọjọ́ kìn-ín-ní àti ọjọ́ kejì sáré. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ sinmi. Ẹni tó ń gun òkè, tó tún ń sọ̀ kalẹ̀, ń pààrọ̀ iṣan tó ń lò. Lórí pẹrẹsẹ, iṣan kan náà àti ojú kan náà ní àtẹ́lẹsẹ̀ ló ń jìyà láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Ẹ wá fi kún un pé ilẹ̀ ibẹ̀ le: pákó létí òkun, òkúta kéékèèké tí wọ́n tò mọ́ra ní àárín abúlé, títì ọ̀dà. Iye kìlómítà tí ẹ bá ń rìn lóòjọ́ ló máa pinnu bí orúnkún yín yóò ṣe rí, ju iye òkè tó wà lójú ọ̀nà lọ.

Láti kàtídírà Porto dé ti Santiago tó nǹkan bíi 280 kìlómítà. Lẹ́yìn ọ̀nà Faransé àti ọ̀nà Pọ́túgà tó gba àárín ilẹ̀ kọjá, ọ̀nà etí òkun yìí ni èrò ń gbà jù báyìí. Lọ́dún 2024, àwọn tó gba ìwé ẹ̀rí ní Santiago láti gbogbo ọ̀nà lápapọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 500,000. Ẹ ò ní dá rìn.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń polówó ọ̀nà yìí kì í là yéni. Òkun wà ní apá àkọ́kọ́, ìwé ẹ̀rí wà ní apá ìkẹyìn. Kí ẹlẹ́sẹ̀ tó lè gba ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń pè ní Compostela, ó gbọ́dọ̀ rìn tó 100 kìlómítà, kó sì parí ìrìn náà sí Santiago. Vigo, ní ilẹ̀ Spéìn, ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ kí iye yẹn lè pé. Ṣùgbọ́n ní Redondela, ìrìn ọjọ́ kan péré sí Vigo, ọ̀nà etí òkun ti lọ pàdé ọ̀nà àárín ilẹ̀, ó sì ti kọrí sínú igbó, oko àjàrà àti abúlé. Ẹ ó tún rí omi ní Arcade, níbi tí òkun ti ya wọ inú ilẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ó parí. Ẹni tó bá tìtorí ìgbì òkun lọ, tó wá bẹ̀rẹ̀ láti Vigo, igi yukalípítọ́ọ̀sì ni yóò máa wò.

Ìdí nìyí tí n kò fi ní gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ rin èyí tó gbẹ̀yìn nìkan. Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún tó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti etí òkun Porto, ẹ má jẹ́ kí ìrìn òòjọ́ ju nǹkan bíi 25 kìlómítà lọ, ẹ fi ọjọ́ ìsinmi méjì sáàárín, kí ẹ sì wọ rélùwéè tàbí bọ́ọ̀sì láìtijú nígbàkígbà tí orúnkún bá ké ṣáájú Vigo. Láti Vigo lọ, ẹsẹ̀ nìkan. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ọkọ̀ tí ẹ wọ̀ lọ́jọ́ kẹrin ti ba ìrìnàjò mímọ́ yín jẹ́, ẹ má dá a lóhùn. Àwọn tó ń lọ síbẹ̀ láyé àtijọ́ gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, wọ́n gun ẹṣin, ọ̀pọ̀ sì wọ ọkọ̀ ojú omi láti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá gúnlẹ̀ sí etíkun Galicia, agbègbè Spéìn tí Santiago wà.

Ní kàtídírà Porto, ẹ ra ìwé arìnrìnàjò tí wọ́n ń pè ní credencial, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àkọ́kọ́ sí i. Ẹgbẹ́ Confraternity of Saint James ní London náà máa ń fi ránṣẹ́ sílé fún àwọn tó wà ní UK. Ẹ gba ó kéré tán òǹtẹ̀ méjì lóòjọ́, pàápàá láti Vigo. Ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ìtura, ilé kọfí, gbogbo wọn ló ní òǹtẹ̀. Láti kàtídírà, ẹ wọ ọkọ̀ lọ sí Matosinhos. Rírìn lẹ́bàá odò Douro dé ẹnu òkun, títí dé Matosinhos, dára lójú, ṣùgbọ́n ó lé ní kìlómítà mẹ́wàá lórí títì àti òkúta, ẹ ò sì nílò rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Etíkun Matosinhos yìí gan-an ní ìtàn tirẹ̀. Wọ́n ní ọkọ ìyàwó kan tó ń jẹ́ Cayo Carpo wà lórí ẹṣin lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, ẹṣin náà gbé e wọ inú òkun lọ bá ọkọ̀ tó gbé òkú Jákọ́bù mímọ́, nígbà tó sì máa jáde, ìkarahun ti bò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Látibẹ̀, wọ́n ní, ni ìkarahun ti di àmì àwọn arìnrìnàjò Santiago. Ẹ ó rí ìkarahun yẹn àti ọfà yẹ́lò títí ẹ ó fi dé. Fadá kan, Elías Valiña, àlùfáà abúlé O Cebreiro ní òkè Galicia, ló bẹ̀rẹ̀ sí í kun ọfà yẹ́lò náà ní ọ̀nà Faransé láàárín ọdún 1980 sí 1989, kí àwọn èèyàn má baà ṣìnà mọ́. Ó ti tàn ká gbogbo ọ̀nà báyìí.

Láti Matosinhos dé Vila do Conde tó kìlómítà 23, orí pákó ni ẹ ó sì wà fún ọ̀pọ̀ rẹ̀. Wọ́n gbé pákó náà ga sókè iyanrìn kí ẹsẹ̀ èèyàn má baà pa koríko tó di iyanrìn etí òkun mú. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń rìn lórí rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ìyà ti ń bẹ̀rẹ̀. Láàárọ̀, omi òkun tó wà nínú afẹ́fẹ́ ti mú kí pákó tutù, iyanrìn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sì wà lórí rẹ̀. Bàtà máa ń yọ̀ níbẹ̀. Ẹ gé ìṣísẹ̀ yín kúrú, ẹ gbé gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ lé pákó lẹ́ẹ̀kan, ẹ má fi gìgísẹ̀ gbá a. Bí ẹ bá mú ọ̀pá ìrìn méjì, tí mo fẹ́ kí ẹ mú nítorí orúnkún yín, ẹ fi rọ́bà bo ẹnu irin rẹ̀. Láìsí rọ́bà, ẹnu irin á bọ́ sí àlàfo láàárín pákó méjì, ọ̀pá á há, ọwọ́ á dúró sẹ́yìn, ara á sì lọ síwájú. Èjìká àti ọrùn ọwọ́ ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń ṣe léṣe.

Afẹ́fẹ́ ni ohun kejì. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, afẹ́fẹ́ láti àríwá tí àwọn Potogí ń pè ní nortada máa ń fẹ́ lẹ́bàá òkun yìí, ọ̀sán ló sì ń le jù. Àríwá ni ẹ̀yin ń lọ, nítorí náà ojú yín ni yóò máa fẹ́ sí. Ẹ jáde ní aago mẹ́fà ààbọ̀ tàbí méje, kí ẹ ti dé ibùsùn kí ọ̀sán tó pọ́n tán. Afẹ́fẹ́ náà tutù, kì í jẹ́ kéèyàn mọ̀ pé oòrùn ń jó òun. Awọ ara dúdú náà ń jóná. Ẹ fi ìpara sí ọrùn àti ẹ̀yìn etí. Oṣù karùn-ún, oṣù kẹfà àti oṣù kẹsàn-án ni mo fẹ́ràn jù. Òjò Galicia lè rọ̀ nínú oṣù yòówù, ẹ mú aṣọ òjò tó bo àpò àti ara.

Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn Vila do Conde, ẹ ó gba Póvoa de Varzim kọjá. Ẹ má sáré níbẹ̀. Ìlú apẹja ni, ìdílé kọ̀ọ̀kan nínú wọn sì ní àmì tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní sigla, tí wọ́n ń fín sára ọkọ̀, àwọ̀n àti ohun èlò ilé. Àwọn ọmọkùnrin máa ń fi ìlà kún àmì baba wọn. Àbíkẹ́yìn ló ń jogún rẹ̀ láìfi nǹkan kún un. Ẹni tó mọ ìlà ojú yóò tètè lóye rẹ̀. Èyí tó wú mi lórí jù ni pé bí àwọn apẹja náà bá rin ìrìnàjò mímọ́, wọ́n máa ń fín àmì ìdílé wọn sára ilẹ̀kùn ilé àdúrà tí wọ́n bá dé, títí kan ti orí òkè Santa Trega lókè ìlú A Guarda, ní ẹ̀yìn ẹnubodè, níbi tí ẹ̀yin náà yóò fi ẹsẹ̀ dé. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ fi orúkọ baba rẹ̀ sílẹ̀ lójú Ọlọ́run.

Láti ibẹ̀ dé Esposende, ẹ ó rí Apúlia, níbi tí wọ́n ti ń kó ewéko inú òkun láti fi ṣe ajílẹ̀ fún oko inú iyanrìn. Láàárín Esposende àti Viana do Castelo, ọ̀nà náà fi òkun sílẹ̀ díẹ̀, ó wọ igbó, ó sì gba orí odò Neiva. Òkúta púpọ̀ wà níbẹ̀, ibẹ̀ sì ni orúnkún yín yóò ti kọ́kọ́ mọ gígun àti sísọ̀, ẹ rọra. Ní abúlé Castelo do Neiva, ẹ béèrè ṣọ́ọ̀ṣì Santiago, ìyẹn ti Jákọ́bù mímọ́. Àkọsílẹ̀ orí òkúta tí wọ́n rí níbẹ̀ fi hàn pé ọdún 862 ni wọ́n ti ya ilé ìjọsìn sí mímọ́ fún Jákọ́bù ní ibi yẹn.

Ẹ sinmi ọjọ́ kan ní Viana. Láti Viana, ọ̀nà rélùwéè tó ti Porto wá ń bá yín lọ dé Vila Praia de Âncora àti Caminha, nítorí náà bí ẹsẹ̀ bá ti wú, ẹ wọ ọkọ̀ dé Âncora, kí ẹ wá fi ẹsẹ̀ rin kìlómítà bíi mẹ́sàn-án tó kù dé Caminha lẹ́bàá omi. Ní Caminha, odò Minho ló pín Pọ́túgà àti Spéìn níyà, ọkọ̀ ojú omi kéékèèké sì ń gbé arìnrìnàjò sọdá. Kò ní àkókò kan pàtó. Bí omi bá fà tàbí tí afẹ́fẹ́ bá le, ẹ ó dúró. Ẹ béèrè ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ sì má ṣe fi ìrìn gígùn sí ọjọ́ náà. Bí ọkọ̀ kò bá lọ rárá, ẹ wọ rélùwéè dé Valença, kí ẹ fi ẹsẹ̀ gba afárá ọdún 1886 sọdá sí Tui. Láti Tui dé Santiago lé ní 100 kìlómítà, ìwé ẹ̀rí yín kò ní ewu, àmọ́ ẹ ó pàdánù apá òkun Galicia, àdánù gidi sì nìyẹn. Tí ẹ bá ti sọdá, ẹ sún aago yín síwájú ní wákàtí kan. Pọ́túgà àti UK ń lo aago kan náà, Spéìn kò sí nínú rẹ̀. Máàsì ìrọ̀lẹ́ àti ilẹ̀kùn ibùsùn kò ní dúró de aago Leeds.

Láti A Guarda dé Oia, kìlómítà bíi 14, àti láti Oia dé Baiona, bíi 18, ni mo gbà pé ó dára jù nínú gbogbo ọ̀nà yìí. Ẹ má wọ ọkọ̀ kọjá ibẹ̀ àyàfi tó bá di dandan. Òkè wà lọ́wọ́ ọ̀tún, àpáta dúdú àti Òkun Àtìláńtíìkì lọ́wọ́ òsì, ohùn ìgbì kì í sì dákẹ́. Ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn ti Santa María ní Oia kọjú sí omi, kò sí ohunkóhun láàárín wọn. Àbùkù rẹ̀ ni pé ẹ ó gba ẹ̀gbẹ́ títì mọ́tò ní àwọn ibi kan. Wọ́n kun ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ibẹ̀ ní yẹ́lò, ẹ má kúrò lórí rẹ̀. Baiona ni ọjọ́ ìsinmi kejì. Èbúté yẹn ni ọkọ̀ Pinta gúnlẹ̀ sí ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹta ọdún 1493, tí Yúróòpù fi kọ́kọ́ gbọ́ pé Columbus ti dé ilẹ̀ mìíràn. Àwa tí wọ́n kó àwọn èèyàn wa gba orí òkun yìí kan náà lọ sí Cuba àti Brazil lẹ́yìn náà, a ò lè dúró níbẹ̀ kí ọkàn wa má lọ jìnnà. Àwọn tí mo bá mú lọ, a máa ń gbàdúrà fún wọn lórí àpáta ibẹ̀.

Baiona sí Vigo gùn, ó tó kìlómítà 26, ìgboro sì ni ìparí rẹ̀. Ẹ wọ bọ́ọ̀sì apá kan. Lẹ́yìn Vigo, ẹ ka Redondela, Pontevedra, Caldas de Reis, Padrón, Santiago: ìrìn ọjọ́ márùn-ún, kìlómítà 16 lọ́jọ́ àkọ́kọ́, láàárín 18 sí 25 ní àwọn yòókù. Ilẹ̀ rírọ̀ wà níbẹ̀ dáadáa, orúnkún yóò dúpẹ́.

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ gan-an wá kù. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì máa ń rò pé ìdúró lórí wọ́ọ̀dù ti sọ ẹsẹ̀ yín di irin. Ìdúró àti ìrìn kì í ṣe ọ̀kan náà. Láti oṣù mẹ́ta ṣáájú, ẹ máa rìn ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ lórí ilẹ̀ líle, pẹ̀lú bàtà àti àpò tí ẹ máa gbé lọ, kí ẹ sì rìn ní ọjọ́ méjì tó tẹ̀ léra ní ìparí ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ kejì yẹn ló ń fi ibi tí orúnkún ti ń ṣàìsàn hàn. Ẹ lọ rí oníṣègùn tó mọ̀ nípa eegun àti iṣan báyìí, kí ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìrìn. Bàtà fúyẹ́fúyẹ́ tí ìtẹ̀lẹ̀ rẹ̀ nípọn dára fún ọ̀nà yìí ju bàtà òkè tó wúwo lọ; ẹ rà á ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀, kí ìka tó gùn jù sì ní àyè tó tó fífẹ̀ àtàǹpàkò níwájú. Ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn, ẹ má lo òwú.

Ìléròrò kì í ṣàdédé yọ. Ojú kan á kọ́kọ́ gbóná, ní ẹ̀gbẹ́ ìka kékeré tàbí ní gìgísẹ̀. Ẹ dúró lójú ẹsẹ̀ níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ kù kìlómítà kan sí ibùsùn. Ẹ bọ́ bàtà àti ìbọ̀sẹ̀, ẹ gbọn iyanrìn kúrò, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ gbẹ pátápátá, ẹ lẹ plásítà mọ́ ọn kó tẹ́jú láìní ìwúnjọ, kí ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ mìíràn tó gbẹ. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Iyanrìn etí òkun ló ń ba ẹsẹ̀ jẹ́ jù ní ọ̀nà yìí. Ó ń gba ẹnu bàtà wọlé láìjẹ́ kéèyàn mọ̀. Ẹrù ẹ̀yìn yín kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n ara yín lọ. Àwọn kan wà tó ń fi mọ́tò gbé àpò láti ibùsùn kan sí èkejì fún yúrò díẹ̀. Ẹ lò wọ́n.

Ibùsùn àwọn arìnrìnàjò ni wọ́n ń pè ní albergue. Àwọn ti ìjọba ní Galicia kì í gba àdéhùn ṣáájú, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń rí bẹ́ẹ̀dì, alẹ́ kan ṣoṣo sì ni. Ní ọjọ́ orí yín, ẹ fi yàrá àdáni sí gbogbo alẹ́ mẹ́ta-mẹ́ta, kí ẹ lè sùn. Oúnjẹ kò ní dà yín láàmú: àwọn Potogí fẹ́ràn ìrẹsì àti ẹja bíi tiwa, ọ̀sán sì ni oúnjẹ wọn ti ń pọ̀, tó ń dín owó. Ní Spéìn, aago mẹ́jọ alẹ́ ni ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ ń bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ alẹ́, nítorí náà ẹ ní búrẹ́dì àti èso lọ́wọ́. Ata gbígbẹ díẹ̀ nínú ike kékeré kò wúwo. Ní Padrón, ẹ jẹ ata tútù kéékèèké tí wọ́n dín. Púpọ̀ rẹ̀ kò ta, ọ̀kan á wá ta lójijì.

Nípa àwa dúdú: ní àwọn abúlé kékeré, wọ́n lè wò yín ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ kí wọn, "Bom dia" ní Pọ́túgà, "Bos días" ní Galicia, ojú yóò sì yí padà. Ẹ má fi páṣípọ́ọ̀tù sínú àpò tí mọ́tò ń gbé. Ara yín ni kó wà. Nọ́ńbà pàjáwìrì jẹ́ 112 ní ilẹ̀ méjèèjì.

Padrón ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀. Ìwé Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì, orí kejìlá, sọ pé Hẹ́rọ́dù fi idà pa Jákọ́bù arákùnrin Jòhánù. Ìtàn ìjọ ní àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ gbé òkú rẹ̀ sínú ọkọ̀ ojú omi, ọkọ̀ náà sì gúnlẹ̀ síbí. Òkúta tí wọ́n ní wọ́n so ọkọ̀ náà mọ́ wà lábẹ́ pẹpẹ ṣọ́ọ̀ṣì Santiago nínú ìlú Padrón yìí; ẹ wọlé lọ wò ó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹsàn-án, Teodomiro, bíṣọ́ọ̀bù Iria Flavia tó wà nítòsí, kéde pé ibojì náà ti di rírí, ọba Alfonso kejì ti Asturias sì kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì sórí rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìtàn kò rí ẹ̀rí pé Jákọ́bù ló wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ní tèmi, àdúrà tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún lórí ilẹ̀ kan ti tó kí n bọ́ fìlà níbẹ̀.

Ẹ ó tún rí ère kan tó yẹ kí ẹ ti gbọ́ nípa rẹ̀ ṣáájú: Jákọ́bù lórí ẹṣin funfun, idà lọ́wọ́, àwọn Mùsùlùmí lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹṣin. Ogun àwọn ọba Kristẹni ilẹ̀ Spéìn ló bí i. Nínú kàtídírà Santiago, wọ́n ń fi òdòdó bo àwọn tó wà lábẹ́ ẹṣin náà. Ó máa ń dùn mí, torí ìdílé Yorùbá wo ni kò ní Mùsùlùmí? Ẹni tí màmá yín fẹ́ lọ bá ni ọmọ Sébédè, apẹja tó fi àwọ̀n sílẹ̀.

Tí ẹ bá dé Santiago, ẹ lọ sí ọ́fíìsì àwọn arìnrìnàjò ní òpópónà Rúa das Carretas pẹ̀lú ìwé òǹtẹ̀ yín. Wọn kì í gba owó fún Compostela. Kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, ẹ sọ fún wọn pé ẹ rìn ín nípò ẹni tó ti kú. Ìjọ fàyè gba èyí: lábẹ́ orúkọ tiyín, wọn yóò kọ "Vicarie pro", pẹ̀lú orúkọ màmá yín. Púpọ̀ àwọn èèyàn kò mọ̀ pé ó ṣeé ṣe, tí ẹ ò bá sì béèrè, wọn kò ní bi yín. Ẹ kọ orúkọ wọn sórí bébà ní lẹ́tà gàdàgbà, kí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ má baà ṣì í kọ. Máàsì àwọn arìnrìnàjò wà ní aago méjìlá ọ̀sán. Wọn kì í jẹ́ kí a gbé àpò ńlá wọ kàtídírà, ẹ fi í sí ibùsùn. Àwo tùràrí ńlá tí gbogbo èèyàn ń fẹ́ rí kì í fì ní gbogbo máàsì, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn ba ọjọ́ yín jẹ́.

Físà ni kí ẹ kọ́kọ́ bójú tó. Ìwé ìgbélùú UK kò gbé ẹni tó ní páṣípọ́ọ̀tù Nàìjíríà wọ Pọ́túgà tàbí Spéìn. Ẹ nílò físà Schengen, físà kan ṣoṣo tó ń gbé èèyàn wọ ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù. Ibi tí ọ̀pọ̀ ń ṣubú sí rèé: wọ́n rò pé torí pé Porto làwọn máa balẹ̀ sí, Pọ́túgà làwọn máa kọ̀wé sí. Orílẹ̀-èdè tí ẹ ó ti sùn jù ni òfin sọ pé kí ẹ kọ̀wé sí. Nínú ètò tí mo là sílẹ̀ yìí, ẹ ó sùn bí alẹ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà ní Pọ́túgà, gbogbo ìyókù ní Spéìn, nítorí náà Spéìn ni. Wọ́n ń gbà á láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn, kò sì gbọdọ̀ dín ní ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ìpàdé máa ń ṣọ̀wọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí náà ẹ wá a ní kété tí oṣù mẹ́fà bá ti pé. Ẹ ó fi ibùsùn alẹ́ kọ̀ọ̀kan hàn wọ́n, nítorí náà ẹ lo àwọn ilé ìtura tó ṣeé dá padà láìgba owó. Ìńṣọ́ránsì ìrìnàjò gbọ́dọ̀ bo ìtọ́jú ara tó 30,000 yúrò, kó sì kan rírin ìrìn gígùn. Físà ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan tó, torí inú agbègbè Schengen kan náà ni ẹ ó wà tí ẹ bá sọdá odò Minho.

Ọdún 2027 ni ọjọ́ Jákọ́bù mímọ́, 25 oṣù keje, yóò bọ́ sí ọjọ́ Ìsinmi, ìyẹn ló ń sọ ọdún di Ọdún Mímọ́ ní Santiago. Wọ́n á ṣí Ilẹ̀kùn Mímọ́, èrò á sì pọ̀ gan-an. Bí ẹ bá fẹ́ lọ lọ́dún yẹn, oṣù kẹsàn-án ni kí ẹ mú, kí ẹ sì gba yàrá láti Vigo dé Santiago ṣáájú ohun gbogbo. Bí ẹ bá ti mọ oṣù tí wọ́n fún yín lẹ́nu iṣẹ́, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú ohun tí oníṣègùn bá sọ nípa orúnkún yín, kí n bá yín pín ọjọ́ náà sí ibùsùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.